Àwo Tí Moyọ̀sọ́lá Sá Sóòrùn

Ọjọ́ Sátidé tí Bàbá Sàídù dá àwo orin náà padà, orí itan ló gbé e lé láti Ọ̀rẹ̀ dé Odigbó lórí ọ̀kadà, bí ẹni tó gbé ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ó ti fi bébà ìròyìn dì í, ó fi okùn so ó, ó tún fi agbádá bò ó. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ń ráhùn pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì rí èrò tó pe "rọra" nígbà ẹgbẹ̀rún kan lórí ìrìn tí kò tó wákàtí kan, àti pé kòtò tí òun bá kó sí, bàbá náà á fi ẹnu já a gbà kó tó dé ara àwo.

"Ẹ̀gbọ́n, àwo yín rèé," ni Bàbá Sàídù wí. "Ẹ tú u wò lójú mi."

Pà Adébóyè ò tiẹ̀ dìde lórí àga. "Ṣé ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ni mí, tí màá máa tú ẹrù ẹ wò? Gbé e sínú àpótí, kí o wá jẹun. Púpurú ń tutù."

Moyọ̀sọ́lá, ọmọ-ọmọ Pà Adébóyè, ló gbé púpurú náà kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà yìí ló sì ti ń gbé láti kékeré. Ó mọ̀ pé bí àwọn àgbà méjì yìí bá ti jókòó, àwàdà ò ní tán títí agbọ́n ìsàlẹ̀ á fi fẹ́ yẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ irú àwo tí à ń wí fún yín. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ẹgbẹ́ Pà Adébóyè bá ta kòkó, wọn a ra páànù, wọn a fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Òun ní tirẹ̀, àwo orin jáàsì ló ń rà. Lọ́dọọdún ni. Á wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, á lọ sí Ìbàdàn, á máa tú àwo ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun àlòkù, ó ń wá èyí tí wọn ò tẹ̀ mọ́, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wó, tí igi ìrókò ti hù láàárín rẹ̀, tí ẹyẹ ti bímọ sórí ìrókò náà. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ebi bá pa ilé yìí, kí ọkọ òun bu epo sí àwo kan kó sè é jẹ. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin làwọn àwo náà, nínú àpótí pákó méjì. Ojú Pà Adébóyè ti ṣú báyìí, kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ pa àpò àwo kan lásán, á sọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe é fún ọ, títí kan ẹni tó gbé ìlù wọlé.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn ni ti Ẹgbẹ́ Jáàsì Oríta. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà ló ṣe é ní Ọ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n tẹ̀, iná sì jó ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ sígbà náà. Ẹni tó fọn fèrè onídẹ nínú rẹ̀ ni Sàídù, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà. Wọ́n ní bó bá fọn ún ní Ọ̀rẹ̀, ewúrẹ́ abúlé Ago Aláyé á dá oúnjẹ jíjẹ dúró.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì tí Sàídù ń wà forí sọ tírélà tó dúró lójú ọ̀nà Benin. Àwo tirẹ̀ fọ́ nínú ọkọ̀ náà, eyín iwájú mẹ́rin sì bá a lọ. Ẹni tí kò ní eyín iwájú, fèrè onídẹ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó kù láyé nínú èémí Sàídù ò ju ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ, ojú kejì àwo Pà Adébóyè ni ìṣẹ́jú náà sì wà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí Pà Adébóyè bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Sàídù á ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà dè é, wọn á gbọ́ ọ, wọn á jiyàn lé e lórí, wọn á tún un gbọ́. Wọn ò tíì jẹ́ kí àwo náà jáde nílé rí. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan ni Bàbá Sàídù bẹ̀bẹ̀ kó lọ fi í han ìyàwó rẹ̀ Límátù, tí àrùn ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè jáde, tí kò sì gbọ́ fèrè ọkọ rẹ̀ rí.

"Ó gbọ́ ọ?" ni Pà Adébóyè béèrè.

"Ó gbọ́ ọ. Ó ní ta ló ń fọn ún? Mo ní èmi ni. Ó ní kí n má purọ́, pé ẹni tó ń fọn ún yìí léyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Pà Adébóyè fi ń wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀.

Ìdí tí inú wọn fi dùn tó bẹ́ẹ̀ ni àlejò tó ń bọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àǹtí kan ní Ìbàdàn, Olúbísí lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwo jáàsì àtijọ́ tí kò sí lọ́jà mọ́, kó tún wọn tẹ̀ jáde. Ọdún méjì ló fi wá àwo Ẹgbẹ́ Jáàsì Oríta. Ó rí orin ojú kìíní nínú téèpù àtijọ́ kan nílé rédíò, ṣùgbọ́n ojú kejì, kò sí l'Ékòó, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, àfi nínú àpótí àgbẹ̀ kòkó kan ní Odigbó. Ó ní òun ò ní gbé àwo náà lọ. Òun á gbé ẹ̀rọ wá, òun á gba orin náà sílẹ̀ níbẹ̀, òun á kọ orúkọ Sàídù gàdàgbà sára àpò àwo tuntun, òun á sì ya fọ́tò rẹ̀ sí i.

"Kí o sáà pa ẹnu ẹ dé nínú fọ́tò," ni Pà Adébóyè wí, "káwọn tó máa rà á má rò pé ihò òkété ni."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò tú àwo náà, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí àlejò bá dé. Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ dá àwọn Moyọ̀sọ́lá sílẹ̀ lágogo mọ́kànlá kí wọ́n lọ kàwé nílé. Bàbá àgbà ti lọ sóko ní Omífunfun. Ọmọ náà wo àpótí pákó, àpótí pákó náà wò ó. Òfin mẹ́ta ló wà lórí àpótí náà, Pà Adébóyè kì í sì í ju ìyẹn lọ: kò sí omi, kò sí oòrùn, kò sí ìwọ.

Kì í ṣe olè ló fẹ́ jà. Ẹ má bú u jù. Ó kàn ń wo bí Àǹtí Olúbísí á ṣe gbé àwo náà sókè lọ́jọ́ Sátidé, tí á ní ọwọ́ ta ló tọ́jú nǹkan báyìí, tí bàbá àgbà á sì na ìka sí òun. Nígbà tó tú bébà ìròyìn, tó fa àwo náà yọ, ohun funfun tó rí lára rẹ̀ mú àyà rẹ̀ já. Èbu ni. Tótó-tótó funfun, bíi pé ẹnìkan gbọn ẹ̀lùbọ́ sí i. Bàbá Sàídù a máa fi ọwọ́ lásán nù ún kó tó lò ó, kì í kà á sí nǹkan kan, bàbá àgbà ò sì ríran rí i.

Ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe kòkó, èbu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún tó kọjá, gírédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó rà á, fi ọ̀bẹ la kòkó àpò méjì tí Pà Adébóyè gbé lọ, ó rí funfun nínú rẹ̀, ó ní kó máa gbé e padà lọ sílé. Moyọ̀sọ́lá rí ojú bàbá àgbà lọ́jọ́ náà. Ó wá gbà pé bí Àǹtí Olúbísí bá rí èbu lára àwo yìí, bí gírédà náà ni yóò ṣe é: á kọ̀ ọ́, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀, á padà sí Ìbàdàn. Oògùn èbu, ọmọ ọdún mẹ́ta ní Odigbó mọ̀ ọ́n. Oòrùn ni. Bàbá àgbà ṣòfin oòrùn o, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún àwo rí.

Ó fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ wẹ àwo náà jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e lọ sórí pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kòkó sí lẹ́yìn ilé, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ pẹrẹsẹ, ó gbá kòkó tó wà níbẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó lọ jókòó nínú ilé pẹ̀lú ìwé bàọ́lọ́jì.

Oṣù kẹta ni. Oòrùn ọjọ́ náà, àwọn adìyẹ ń yé ẹyin sísè. Alángbá ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ó ń pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Nígbà tó padà dé ìdí pèpéle, àwo náà ti ká etí sókè bí etí ajá tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Àárín rẹ̀ wú bí àkàrà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ níhìn-ín, ó yọ gọ́ńgọ́ lọ́hùn-ún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwo náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé kókò, ó sì le padà ní ibòji bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sí, wọ́kọwọ̀kọ.

Lọ́pẹ́ ló bá a níbi tó ti ń sunkún. Aládùúgbò wọn ni Lọ́pẹ́, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá tuntun lọ. Moyọ̀sọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní tí bàbá àgbà bá dé láti oko, òun á kúnlẹ̀ sọ fún un.

"Kí o sọ kí ni?" ni Lọ́pẹ́ wí. "Ta ló mú un kẹ́yìn?"

"Bàbá Sàídù."

"Ó tán. Dì í bó ṣe dì í, kí o gbé e síbi tó gbé e sí. Awakọ̀ ni Bàbá Sàídù, wọ́n á ní ó ti kọ́kọ́ gbé e síwájú ọkọ̀ rẹ̀ tó gbóná, ẹnikẹ́ni á gbà. Àgbàlagbà ni, wọn ò ní na òun."

Moyọ̀sọ́lá ní ìyẹn ò dáa. Lọ́pẹ́ ní kí ló wá dáa, kí bàbá àgbà gbọ́ ọ kí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ nígbà tí Wáẹ́ẹ̀kì kù sí dẹ̀dẹ̀? Ẹ wo bí èṣù ṣe ń fi ìtọ́jú àgbà ṣe ẹnu ọ̀nà. Moyọ̀sọ́lá nu ojú rẹ̀. Ó wá bébà ìròyìn náà, ó wo àmì ibi tí Bàbá Sàídù ti ṣẹ́ ẹ, ó ṣẹ́ ẹ síbẹ̀ gan-an, ó ta okùn ní kókó kan náà. Ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó kó àwọn àwo yòókù lé e lórí. Wíwẹ̀ tó wẹ̀ ẹ́, àṣìṣe ni. Sísá tó sá a, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n okùn tó ta yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni.

Ní Sátidé, Bàbá Sàídù ti dé kó tó di aago méje. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ bùbá funfun tó lọ̀ títí ó fi lè gé iṣu. Àǹtí Olúbísí dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá méjèèjì, ó sì ní kí òun kọ́kọ́ fi àwo mìíràn dán ẹ̀rọ wò. Pà Adébóyè fa ọ̀kan fún un. Èbu ti bo ìyẹn náà. Àǹtí náà yọ aṣọ rírọ̀ kan nínú báàgì, ó nù ún yíká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mọ́ tónítóní.

"Èbu ò dí orin lọ́wọ́, Bàbá," ló ń wí fún Pà Adébóyè. "Ooru nìkan ni mi ò ní oògùn fún."

Moyọ̀sọ́lá wo ẹ̀yìn ilé, níbi tí pèpéle wà.

Wọ́n fa àwo Ẹgbẹ́ Jáàsì Oríta jáde. Wọ́n tú okùn. Àǹtí Olúbísí gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i wò. Bàbá Sàídù ló kọ́kọ́ rí i, ó ní "Lá iláha illallóòhù," ohùn rẹ̀ ò sì ròkè ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Wọ́n fi àwo náà lé ẹ̀rọ lórí, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó ṣubú, ó tún fò. Àǹtí Olúbísí pa ẹ̀rọ.

Pà Adébóyè fi ọwọ́ pa àwo náà yíká. Ó pe Moyọ̀sọ́lá síwájú.

"Ẹnìkan fọwọ́ kan àwo yìí láti Sátidé tó kọjá?"

Ọmọ náà wo Bàbá Sàídù. Bàbá Sàídù ń wo òun náà, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, bíi pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu ọmọ yìí ló lè gba òun.

"Rárá, Bàbá," ni Moyọ̀sọ́lá wí.

Pà Adébóyè kò bínú lójú ẹsẹ̀. Ó ní Sàídù ò ní orogún lọ́kàn òun, ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, kó sáà sọ pé òun ti gbé e síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn kí òun tó gun ọ̀kadà, òun á sì dárí jì í kó tó pa ẹnu dé. Bàbá Sàídù ní òun ò gbé e síwájú ọkọ̀ kankan. Ó ní orí itan òun ni. Ó ní ṣebí òun ní kí ẹ̀gbọ́n tú u wò lójú òun. Pà Adébóyè ní nítorí náà ló fi sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò ní tú u. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí àwo.

"Mo fi Kùránì búra fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

"Má fi Ọlọ́run ṣe ìbora, Sàídù. Opúrọ́ ni ẹ́."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Bàbá Sàídù dìde. Ó kí àlejò pé ó dàbọ̀, ó kí Moyọ̀sọ́lá pàápàá pé ó dàbọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn jáde nínú bùbá funfun rẹ̀, kò sì dúró pe ọ̀kadà. Àǹtí Olúbísí di ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní pẹ̀lú ìbànújẹ́, ojú kìíní nìkan lòun á tẹ̀ jáde. Ojú kìíní yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín, dùùrù àti ìlù ló kún inú rẹ̀. Kò sí fèrè níbẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í nínú ìwé, ó dáhùn. Èyí tí wọ́n bi í nílé nìkan ló kù. Ọjọ́ Àìkú ń wá, ó ń lọ. Pà Adébóyè fi aṣọ bo ẹ̀rọ orin rẹ̀, kò gbọ́ jáàsì mọ́, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i pé ọ̀rẹ́ àádọ́ta ọdún ló da òun. Odigbó sọ fún Ọ̀rẹ̀, Ọ̀rẹ̀ sì ni oríta. Ohun tí Ọ̀rẹ̀ bá gbọ́ láàárọ̀, Sókótó á fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, wọ́n rán Moyọ̀sọ́lá lọ ra oògùn sí Ọ̀rẹ̀. Ó ń gba inú gáréèjì kọjá nígbà tó rí Bàbá Sàídù lórí bẹ́ńṣì, ìwé owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ọ̀dọ́ yí i ká.

"Bàbá, ẹ bá wa sá ẹ̀gẹ́ yìí síwájú ọkọ̀ yín," ni ọ̀kan wí. "Wọ́n ní ó máa ń tètè gbẹ níbẹ̀."

"Tàófíìk, fi bàbá sílẹ̀," ni èkejì wí. "Wọ́n lè fi Kùránì búra pé àwọn ò rí ẹ̀gẹ́ kankan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Sàídù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè dá ogun gáréèjì mẹ́wàá padà láyé àtijọ́, tẹrí ba. Ó kàn ń to ìwé owó ọkọ̀ náà, ó ń tún un tò. Moyọ̀sọ́lá gbàgbé oògùn. Ó wọ ọ̀kadà padà sílé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà, ó ń jẹ́wọ́: omi, ọṣẹ, pèpéle, bébà, okùn. Kò dárúkọ Lọ́pẹ́. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ta okùn náà.

Ó retí ìgbátí. Pà Adébóyè ò gbé ọwọ́. Ó ní kó bá òun wá bàtà òun.

Ní Ọ̀rẹ̀, ní iwájú ilé Bàbá Sàídù, ní ọ̀sán gangan, níṣojú àwọn tó ń kọjá, Pà Adébóyè tó fi ọdún mẹ́rin ju Sàídù lọ nà gbalaja sínú iyanrìn. Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ẹ̀sùn ara rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Sàídù gbọ́ ọ tán. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀, ó sì wojú ọmọ náà.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló wí. "Ọmọdé ni ẹ́, ẹ̀rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n. Àádọ́ta ọdún la ti jọ ń jẹun. Ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, èmi búra, ẹ sì gba tiẹ̀."

"Sàídù, mo jẹ̀bi. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Mo dárí ji ẹ̀yin náà. Ọkàn mi mọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sínú yàrá yẹn mọ́. Níbẹ̀ ni mo ti mọ iye tí mo tó lójú yín."

Límátù pe ọkọ rẹ̀ látinú ilé, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó rọra tì í débi pé ó burú ju kó gbá a lọ.

Pà Adébóyè fi ẹnu ara rẹ̀ lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní gáréèjì, àwọn awakọ̀ sì tọrọ àforíjì. Bàbá Sàídù ní kò burú. Kò wá sí Odigbó ní ọjọ́ Àìkú yẹn, kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì tíì wá di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin tí ẹ rò pé dídákẹ́ kì í ṣe irọ́, ẹ gbọ́. Ẹ óò ba nǹkan jẹ́ láyé. Gbogbo wa la ti bà á jẹ́ rí. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́, kó tó di pé ẹlòmíràn bá yín gbé e. Ká ní Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, àwo kan ṣoṣo ni ì bá bàjẹ́, àwọn àgbà méjì ì bá jọ sunkún rẹ̀, wọn ì bá sì jọ rẹ́rìn-ín rẹ̀ nígbà tó bá yá. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ìjẹ́wọ́ náà wẹ orúkọ Sàídù mọ́. Kò rí ọ̀rẹ́ mú padà wálé.